Egungun àwọn ará Mẹ́síkò yìí, ṣé ọ̀run àpáàdì ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará ẹ jọ̀ọ́, àwòrán Mẹ́síkò tí mò ń rí lórí fóònù, egungun òkú ṣáá ni, ọ̀kan tiẹ̀ dé akẹtẹ̀ ńlá tó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ọ̀run àpáàdì ni wọ́n ń yà ni?

Ìdáhùn 1: Rárá o. Ilẹ̀ àwọn òkú ni, Mictlan làwọn Aztec, ìyẹn àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́, ń pè é, ìpele 9 ló ní, ọdún 4 ni òkú fi ń rìn ín, ajá ló sì máa mú un kọjá odò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ rárá, bí èèyàn ṣe kú ni wọ́n ń wò, ẹni tó bá kú sójú ogun ò ní débẹ̀. Ẹ lọ wo ère amọ̀ Mictlantecuhtli, ọba ibẹ̀, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ yọ síta gbangba!

Ìdáhùn 2: Alákẹtẹ̀ yẹn, Catrina ni. Posada, ayàwòrán ará Mẹ́síkò kan, ló kọ́kọ́ ya orí ẹ̀, ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn tó ń ṣe bí ará Yúróòpù, Diego Rivera, ayàwòrán míì, wá wọ̀ ọ́ láṣọ nínú àwòrán tiẹ̀ ní 1947.

Ìdáhùn 3: Ìwé ni tèmi o. Pedro Páramo tí Juan Rulfo kọ ní 1955, ọmọ kan wá bàbá ẹ̀ lọ sí Comala, àṣé òkú ló ń bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí. Ooru ìlú yẹn burú débi pé wọ́n ní ará ibẹ̀ tó bá kú tó dé ọ̀run àpáàdì, ńṣe ló ń padà wá mú bùláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ 😂