Ilé fẹ́ borí mi níbí: báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Ìjọkà, Manchester

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má fojú ọ̀lẹ wò mí. Ilé fẹ́ borí mi. Yàrá méjì péré ni, èmi, ọkọ mi àti ọmọ méjì, ọ̀kan ọdún 9, èkejì ọdún 6. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ọkọ mi ń wakọ̀ lọ́sàn-án, òun ló ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ lóru. Tí mo bá dé láàárọ̀, màá mú wọn lọ sílé ìwé, màá sùn, màá tún jí lọ mú wọn. Sátidé ni mo ń fi gbogbo àtúnṣe ilé sí. Tí Sátidé bá wá dé, ó ti rẹ̀ mí, ìdọ̀tí ọjọ́ méje ti kóra jọ, mi ò ní mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a wà ní Ìjọkà ní Àkúrẹ́, aago mẹ́fà àárọ̀ kì í lù kí a má tíì gbálẹ̀. Àwa ọmọ mẹ́fà la máa ń pín in: ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń fọ abọ́, ẹni tó ń pọnmi. Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, gbogbo àdúgbò ló ń jáde fún sànítéṣàn láti aago 7 títí di aago 10, mọ́tò kì í rìn. Ṣé èmi yìí náà ni apá mi ò ká ilé kékeré? Èébu dúdú, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní mould, tún ti ń bo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá àwọn ọmọ. Bí mo ṣe ń nù ún ló ń padà wá. Màmá mi sì ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ lóṣù tó ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì, Birmingham

Ọmọ ìyá mi, o kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwọ fúnra rẹ ti dáhùn ìbéèrè rẹ: ẹ̀yin mẹ́fà. Iṣẹ́ tí ọwọ́ méjìlá ń ṣe lo gbé lé ọwọ́ méjì, o sì tún kó ti ọ̀sẹ̀ kan jọ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Rántí dáadáa, nílé, kò sẹ́ni tó ń dúró de Sátidé kó tó gbálẹ̀. Gọ́tà àti koríko ni Sátidé wà fún. Ilẹ̀ gbígbá, ojoojúmọ́ ni. Ohun tí a máa ń gbàgbé tí a bá dé ibí nìyẹn. Ọdún mẹ́rin gbáko ni èmi fi gbàgbé ẹ̀.

Ohun tó yọ mí nìyí: mo yéé ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún ilé. Mo so iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tí mi ò lè ṣaláì ṣe lójúmọ́. Tí mo bá gbé omi tíì kaná, abọ́ inú síǹkì ni màá máa fọ̀ títí yóò fi hó. Tí mo bá ń fọ eyín lálẹ́, ọwọ́ kejì ń nu básíìnì. Tí mo bá wẹ̀ tán, kí ara ògiri balùwẹ̀ tó gbẹ, mo ń fi rọ́bà tí wọ́n fi ń nu gíláàsì wọ́ omi ara rẹ̀ sílẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo ń da ọṣẹ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí n tó lọ sùn, búrọ́ọ̀ṣì ló kù láàárọ̀. Kò sí èyí tí mo tún ń ṣètò àyè fún nínú gbogbo ìwọ̀nyí, wọ́n ti bá ìgbésí ayé mi rìn.

Abọ́, orí tábìlì ìdáná, ilẹ̀ ilé ìdáná àti pàǹtírí: àwọn yìí nìkan ni kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú. Ìyókù lè dúró de ọjọ́ tiwọn. Lọ́jọ́ tí o kò bá lọ síṣẹ́, mú yàrá kan, fi fóònù ka ìṣẹ́jú 15. Tó bá dún, dáwọ́ dúró, bí kò tiẹ̀ tíì tán. Ibi tó le fún mi jù nìyí, torí wọ́n tọ́ wa dàgbà pé iṣẹ́ tí a bá dáwọ́ lé, a gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá fi wákàtí mẹ́rin parí ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa fi sá fún un.

Àwọn ọmọ rẹ ti tó gbé nǹkan. Ọmọ ọdún 6 lè to bàtà, kó so ìbọ̀sẹ̀ pọ̀ ní méjìméjì. Ọmọ ọdún 9 lè fi hoover fa eruku kápẹ́ẹ̀tì. Baálé rẹ ńkọ́? Ẹ jókòó sọ ọ́ lọ́jọ́ tí inú yín dùn, má dúró dìgbà tí ojú bá pọ́n. Iṣẹ́ kan pàtó ni kó gbà, kó jẹ́ tiẹ̀ pátápátá. Tó bá jẹ́ “bá mi ṣe díẹ̀” lo ń sọ, ìwọ ni wàá máa rántí fún un.

Kí n tó gbàgbé, ẹrù. Wo orí wọ́dúróòbù rẹ, àwọn báàgì aṣọ tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé láti èṣín. Fi ránṣẹ́, tàbí kó o fún ẹni tó nílò ẹ̀ níbẹ̀. Wo kọ́bọ́ọ̀dù, abọ́ áísíkíríìmù mélòó ló wà níbẹ̀? Ohun tí kò sí nílẹ̀, eruku kò lè bà lé e.

Ọmọ Ọ̀kè-Àró, London

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ilé ìwòsàn ni mò ń ṣe láti ọdún 11 sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èébu yẹn, torí ọ̀rọ̀ èémí àwọn ọmọ ni. Ìdọ̀tí kọ́ ló ń fà á, omi ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ilé ń gbé omi tí ojú kì í rí: ti aṣọ tí ẹ sá sórí radiator, irin ara ògiri tó ń mú ilé gbóná, ti ìkòkò ìrẹsì tí ẹ kò dé, ti balùwẹ̀, ti èémí ẹni tó sùn. Tó bá kan gíláàsì tó tutù, á padà di omi. Ibi tí omi náà bá ń dúró sí ni èébu ń hù. Ní Àkúrẹ́, fèrèsé onílúfà ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé kó sì jáde tọ̀sán-tòru. Níbí, a ti ti gbogbo rẹ̀ pa nítorí òtútù.

Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu fún ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu gíláàsì lówùúrọ̀. Ẹ sá aṣọ sínú balùwẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tan fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta. Ẹ fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri tó kọjú síta. Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, tí ògiri ṣì tutù rinrin, ó lè jẹ́ pé ilé ló ń jò. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí onílé, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún 2 kan, Awaab Ishak, kú ní Rochdale, nítòsí yín níbẹ̀, lóṣù Kejìlá ọdún 2020 nítorí èébu inú ilé. Òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ó fún àwọn onílé ti kánsù àti ti ẹgbẹ́ tó ń yá aráàlú nílé (housing association) ní gbèdéke ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi wá wò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìsebẹ̀ yín nìkan ló fà á.

Mo bẹ yín, ẹ má po bleach pọ̀ mọ́ fínígà láé, ẹ má pò ó mọ́ ọṣẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Omi tútù ni kí ẹ fi po bleach, omi gbígbóná ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò, torí bleach kì í ráyè ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Fínígà dára fún funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù àti ẹnu ẹ̀rọ omi, àmọ́ kí ó má kan mábù. Ẹ ya àkísà sọ́tọ̀ pẹ̀lú àwọ̀. Ní ilé ìwòsàn, pupa ni ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀, àwọ̀ ewé ni ti ilé ìdáná. Bí mo ṣe ń ṣe é nílé tèmi náà nìyẹn.

Bàbá Calgary

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kánádà, bàtà ni ìdí ọ̀rọ̀. Iyọ̀ tí wọ́n dà sójú yìnyín ń tẹ̀ lé bàtà wọlé. Ẹ tẹ́ ẹní rọ́bà sẹ́nu ọ̀nà, kí gbogbo ènìyàn bọ́ bàtà síbẹ̀, títí kan àlejò. Ẹ sì máa pààrọ̀ asẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó kàn ń fọ́n eruku kiri ni.

Ẹ̀gbọ́n Ọba-Ilé, Àkúrẹ́

Mo lo ọdún 16 ní Jámánì kí n tó padà sílé. Ní apá Stuttgart tí mo gbé, àwọn ayálégbé ń gba àtẹ̀gùn ilé gbígbá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, wọ́n á gbé pátákó kọ́ ilẹ̀kùn ẹni tó kàn. Bí tiwa tí a máa ń pín níjọ́un náà ni. Mo ti mú un wọ ilé mi níbí, ìwé kan wà lára fíríìjì, orúkọ ẹni tó kàn wà níbẹ̀, ariwo ti dín kù.

Ọyẹ́ ti dé síbí bí mo ṣe ń kọ èyí, eruku pupa ti bo gbogbo lúfà. Àkísà tó tutù là ń fi nù ún, a sì ń wọ́n omi sílẹ̀ kí a tó fi ọwọ̀ kàn án. Tí ìyá rẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, yóò fẹ́ gbálẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Jẹ́ kó ṣe é. Má rò pé ó ń bú ọ. Bí wọ́n ṣe ń jí nìyẹn.

Ọmọ Ìjọkà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará ilé, Ọlọ́run á gbè yín. Ti omi tíì yẹn gbà mí tààrà, síǹkì mi kì í kún mọ́. Ti ìṣẹ́jú 15 kò ṣeé ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, ojú mi ń pa dé, torí náà mo gbé e sí kí n tó lọ mú àwọn ọmọ, ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀. Ọkọ mi gba balùwẹ̀ àti pàǹtírí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ó ń dun òun, mo sì yéé ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a fa wọ́dúróòbù yàrá àwọn ọmọ, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù rinrin, èébu ti bò ó láti òkè dé ilẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, torí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni àbúrò ń sùn. A ti nù ún, a ti fa bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí apá kejì, a ti kọ̀wé sí onílé pẹ̀lú fọ́tò. Fèrèsé kò làágùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Màmá ti dé. Aago márùn-ún ni wọ́n ń jí gbálẹ̀ ilé ìdáná, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa gbá a. Ohun tó kù ni inú ààrò gáàsì, mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Kí ló ń yọ epo tó ti gan mọ́ ọn?

Ìyá Ìbejì, Birmingham

Kí ó tutù pátápátá ná. Fi omi díẹ̀ po bicarbonate (baking soda) kó ki bí ẹ̀kọ, fi ra ara rẹ̀ lálẹ́, má jẹ́ kó kan ibi tí iná ti ń jáde. Láàárọ̀, fi àkísà tútù nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó bá ṣì kù, tún un rà lálẹ́ ọjọ́ kejì, má fi irin ha á. Kí Màmá fún mi o.