Báwo ni kí n ṣe bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀sì tó ta?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí ṣẹ́ẹ̀sì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 13, fi ọ̀kan tó ta lórí Lichess (ìkànnì tí wọ́n ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì) ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n nà án. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́."

Funfun ló mú. Ìgbésẹ̀ kejì péré, ayaba rẹ̀ ti wà ní h5 (lẹ́tà àti nọ́ńbà la fi ń pe ojú kọ̀ọ̀kan lórí pátákó), ó ń wá bó ṣe máa gba f7, ẹ̀gbẹ́ ọba Dúdú, pa ọba. Dúdú gbé ẹṣin sí c6, ó ti ọmọ ogun kékeré (pawn) sí g6 láti fi lé ayaba. Ayaba sá lọ sí f3, ẹṣin kejì Dúdú jáde sí f6, ọ̀nà f7 dí. Ohun tó dùn mí jù ni pé f3 yẹn gan-an ló yẹ kí ẹṣin tiẹ̀ tó wà ní g1 gbà jáde!

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọgbọ́n yìí ló fi ń na àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé (àwọn yẹn kì í wo f7 rárá), torí náà tí mo bá ní kò dáa, kò ní gbà. Stockfish (ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ṣẹ́ẹ̀sì wò) á fi àṣìṣe hàn án lóòótọ́, àmọ́ kò ní ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un. Ó kúkú ṣe ohun kan tó wú mi lórí: nígbà tó yá, ẹṣin rẹ̀ bọ́ sí c7, ó dojú kọ ọba ní e8 àti róòkì ní a8 lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ látorí c7 yẹn ni, àbí kí n kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó rò kó tó gbé ayaba jáde? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọdé, àṣìṣe mélòó lẹ máa ń mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan?