Kòkó mi kò kúnná: ẹ̀rọ wo ni kí n fi lọ̀ ọ́?

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Kòkó oko bàbá mi ní Ìdànrè ni mo fẹ́ sọ di ṣokoléètì. Mo yan án, mo bó o, mo fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù bíi ti ẹ̀pà. Mo lọ̀ ọ́ nínú bẹ̀lẹ́ńdà títí mọ́tò fi ń rùn, síbẹ̀ ó ń ha ahọ́n bíi gààrí tí wọn ò jọ̀. Ni mo bá gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ata ní Ìsìnkàn. Ẹlẹ́rọ ní kí n ta omi sí i kó lè sọ̀ kalẹ̀. Háà! Ó dì gbagidi bí ẹ̀bà àná, òórùn ata rodo sì tún wà lára rẹ̀. Kílò méjì ṣòfò. Kí ni àwọn tó ń ṣe é ń lò, tí n kò fi ní ta ilẹ̀ kí n tó rà á?

Ọmọ Oǹdó:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Omi yẹn ló bà á jẹ́. Òróró ara kòkó ló ń mú un ṣàn. Ìkán omi díẹ̀ ti tó láti mú un dì. Ẹ̀rọ ata ńkọ́? Irin ń ha irin níbẹ̀, ẹ má gbé e débẹ̀ mọ́.

Melanger ni mò ń lò. Ọlọ tó ń dá yí ni: àwo irin, òkúta nísàlẹ̀, ọmọ ọlọ méjì lórí rẹ̀. Irú rẹ̀ ni àwọn ará Íńdíà fi ń lọ ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ẹ mú kòkó gbóná, ẹ máa bù ú sí i díẹ̀díẹ̀; ẹ̀yìn náà ni kí súgà wọlé. Ọjọ́ kan gbáko ni temi fi ń yí, nígbà míì ó lé.

Ìyá Ìbejì:
Ọjọ́ kan gbáko kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Pẹ̀lú iná wa yìí?

Ọmọ Oǹdó:
Ẹ fọwọ́ kan ojú egbò! Iná lọ lóru ọjọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò dáhùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣokoléètì ti di òkúta mú bíi sìmẹ́ńtì. Mo fi ìkánjú tan án, bẹ́líìtì já. Ní báyìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ni mo máa ń fi fẹ́ ẹ títí á fi yọ́, kí n tó tan án.

Àlejò Alágbàká:
Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Rodolphe Lindt, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe ṣokoléètì, gbàgbé ẹ̀rọ rẹ̀ ní títàn ní Bern, ní Switzerland, lọ́dún 1879, tó fi yí láti ọjọ́ Jímọ̀ di Mọ́ńdè, tí ṣokoléètì sì kúnná. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ká ní Àkúrẹ́ ló ń gbé ni, NEPA ì bá ti bá a pa á.