Larp lórí ìjà owó-orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá: báwo la ṣe ń kọ ọ́, ṣé ó sì ṣeé fi jẹun?

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ kú ìjókòó o. A fẹ́ ṣe larp, eré tí kò ní òǹwòran, tí oníkálukú ń gbé ẹ̀dá ìtàn wọ̀, tí ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ sọ. Ìjà owó-orí 1947 sí 1949, nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kọ owó-orí tí ìjọba Aláké ń gbà lọ́wọ́ wọn, la fẹ́ fi ṣe é. Ọmọ girama 24, gbọ̀ngàn kan ní Abẹ́òkúta, wákàtí mẹ́rin. Ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀? Ṣé èèyàn sì lè fi kíkọ irú eré yìí àti ìwádìí rẹ̀ jẹun?

Aláró Ìtòkú:
Ẹ má tíì kọ ẹ̀dá ìtàn kankan. Àsìkò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pín: ìgbaradì 60 ìṣẹ́jú, eré 120, ìjókòó ẹ̀yìn eré 45, kí 15 tó kù wà fún àwọn apẹ́lẹ́yìn. Ẹni tó bá gé ìgbaradì kúrú, àwọn ọmọ á fi ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ìtìjú.

Ẹgbẹ́ mẹ́rin, ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà: àwọn obìnrin ọjà, àwọn obìnrin alákọ̀wé, ìgbìmọ̀ Aláké, àwọn agbowó-orí. Ìwé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ìdajì ojú ewé lọ: orúkọ, ohun tó ń wá, ohun tó ń bẹ̀rù àtipàdánù, àti èèyàn méjì tó so mọ́ ọn *láti ẹgbẹ́ mìíràn*. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ẹ̀mí eré. Láìsí i, igun mẹ́rin ni wọ́n máa jókòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ jẹ́ kí agbowó-orí kan jẹ́ ọmọ ìyá aláṣọ. Àṣírí kan kò sì gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Onítìjú á gbé e lọ sílé. Ẹ fún ẹni mẹ́ta.

Ìgbìmọ̀ ni wọ́n sábà máa ń bà jẹ́: wọ́n á sọ wọ́n di ìkà, kò sí ohun tí wọ́n á máa ṣe ju “rárá” lọ. Kí lẹ́tà ajẹ́lẹ̀ òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú 40, òmíràn ní 80, kí ara máa ni àwọn náà. Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀ ní January 1949 lóòótọ́, àmọ́ ẹ má fipá wọ́ eré débẹ̀.

Ará Kútọ̀:
Ọ̀rọ̀ ìdádúró ńkọ́, èyí tí ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà mọ́ máa sọ kí eré lè dúró? “Dúró” kò dáa, torí èrò iwájú ààfin Aké á máa fi pariwo mọ́ agbowó-orí. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ní 1947, “íntánẹ́ẹ̀tì” fún àpẹẹrẹ, kí gbogbo wọn sì fi dánra wò lẹ́ẹ̀mẹta nígbà ìgbaradì. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò fi dánra wò, ọmọ kò ní lè là á lẹ́nu.

Ẹ̀sùn pé àwọn agbowó-orí ń bọ́ aṣọ lára ọmọbìnrin láti mọ̀ bóyá ó ti tó owó-orí san wà nínú ìtàn náà. Kí wọ́n ròyìn rẹ̀ nìkan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ẹ má fi Orò ṣeré rárá.

Lẹ́yìn eré, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì dákẹ́. Agbowó-orí ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí òun ni wọ́n ti ń bú láti àárọ̀.

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ ṣeun gan-an. Obìnrin 17, ọkùnrin 7 la ní o.

Aláró Ìtòkú:
Kò séwu. “Ó” kan náà lèdè wa ní fún akọ àti abo. Ẹ ṣáà lo orúkọ bí Ayọ̀délé tàbí Táíwò síbi tó bá yẹ, oyè nìkan ló máa dà yín láàmú.

Olùwádìí Òkè-Ìlẹ̀wó:
Ní ti ìjẹun: ó ṣọ̀wọ́n kí larp nìkan bọ́ èèyàn. Wọ́n máa ń fi kún iṣẹ́ olùkọ́, ti mùsíọ́ọ̀mù tàbí ti géèmù kọ̀ǹpútà. Ní Denmark, Østerskov Efterskole tó wà ní Hobro ń fi irú eré yìí kọ́ iṣẹ́ ilé-ìwé. Láti 1997 ni Knutepunkt, ìpàdé àwọn tó ń ṣe larp, ti ń yí ká Norway, Sweden, Denmark àti Finland. International Journal of Role-Playing, ìwé ìwádìí lórí irú eré yìí, sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá fẹ́ kí eré yín di ìwádìí, kí àwọn òbí fọwọ́ síwèé ṣáájú. Kí ẹni méjì tí kò ṣeré jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí wọ́n máa kọ ẹni tó ń bá ta sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ má béèrè “ṣé ó dùn?” lọ́wọ́ ọmọ, kò sí èyí tó máa wí fún àgbà pé kò dùn. Ẹ béèrè ibi tó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò sì sọ.