Èsì sí "owó orí báǹkì": orúkọ wo ló yẹ ká fún fífi owó oníbàárà kó báǹkì yọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Ìbéèrè tó wà níwájú wa ni ọ̀rọ̀ Yorùbá wo la óò kọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè wa. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Kípírù (Cyprus) lóṣù Kẹta ọdún 2013, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fowó pamọ́ sí báǹkì dá sí owó tí wọn yóò fi gba ètò ìṣúná orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Bódìjà dábàá "owó orí báǹkì". Ẹlòmíràn ní "ìdóòlà". Ẹni tó kọ̀wé láti Mọ́kọ́lá, inú ń bí i, ó ní "ìkówójẹ" ni, ká má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ kiri. N ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, "owó orí" ló sì léwu jù.

Àwọn báǹkì Kípírù ti kó owó ńlá sínú ìwé gbèsè ìjọba Gíríìsì. Nígbà tí wọ́n dín gbèsè Gíríìsì kù ní 2012, orí wọn ni àdánù náà já lé. Ní ìdájí Sátidé, 16 oṣù Kẹta 2013, àwọn mínísítà ìṣúná ilẹ̀ tó ń ná yúrò gbà láti yá Kípírù ní bílíọ̀nù 10 yúrò, bí ìjọba bá lè rí bílíọ̀nù 5.8 yọ nínú àkáǹtì àwọn ènìyàn: ìdá 6.75 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí kò tó 100,000 yúrò, ìdá 9.9 lórí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní 20,000 yóò pàdánù 1,350. Bẹ́ẹ̀ òfin ti fi ìbánigbófò (insurance) bo owó tí kò bá ju 100,000 lọ! Ọgbọ́n wo ni wọ́n fẹ́ dá sí òfin yẹn? Orúkọ ni. Ìbánigbófò kì í sanwó àfi tí báǹkì bá kú. Tí wọ́n bá ti pe ohun tí wọ́n yọ ní owó orí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, báǹkì ò kú, ìjọba ló gba owó orí, abánigbófò ò sì ní nǹkan kan án ṣe níbẹ̀. Tí àwa náà bá kọ "owó orí báǹkì" sínú ìwé atúmọ̀ èdè, àrékérekè yẹn la gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà ò tilẹ̀ bá ìṣe náà mu. Ìbàdàn mọ owó orí. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà jà nítorí rẹ̀ ní 1968 sí 1969. Orí ènìyàn ni wọ́n ń bù ú lé, tàbí orí ohun tó ń wọlé fún un. Ti Kípírù wá lórí ojú owó gan-an, ì báà ti pé ọdún mẹ́wàá tó ti wà níbẹ̀. 

Ní ti "ìkówójẹ", ìbínú náà yé mi, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe parí. Ní 19 oṣù Kẹta, ilé aṣòfin wọn kọ àbá àkọ́kọ́: ẹni 36 ní rárá, 19 ò dìbò síbì kankan, ẹnì kan ṣoṣo ò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní 25 oṣù náà, wọ́n gbé òmíràn jáde, báǹkì méjì péré ni ó kàn. Wọ́n ti báǹkì Laiki pa pátápátá, wọ́n kó owó tí ìbánigbófò bò lọ sí Bank of Cyprus. Ní Bank of Cyprus fúnra rẹ̀, ìdá 47.5 nínú owó tó lé ní 100,000 di ìpín ìdókòwò (share). Ẹni tó ní 150,000 níbẹ̀, 100,000 rẹ̀ ò fara gbọgbẹ́. Nínú 50,000 tó kù, 23,750 di ìpín. Ó sùn ní olówó, ó jí ní onípìn-ín nínú báǹkì tó ń ṣàìsàn. Ìyà ni, àmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń pè ní ìkówójẹ. Ní gbogbo àsìkò yìí wọ́n ti gbogbo báǹkì pa fúngbà díẹ̀ kí owó má baà sá. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 28 oṣù Kẹta, 300 yúrò ni ènìyàn lè gbà lóòjọ́.

Ọ̀rọ̀ "ìfipamọ́" tí à ń lò fún owó inú báǹkì gan-an ló ń tàn wá jẹ. Alájọ ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù, ó sì yẹ kó kó ìyókù fún yín bó ṣe wà. Báǹkì ti yá owó yín fún ẹlòmíràn. Ohun tó wà nínú àkáǹtì yín jẹ́ gbèsè tí báǹkì jẹ yín, tí wàhálà bá sì dé, ẹ ó tò sórí ìlà àwọn tó jẹ ní gbèsè: onípìn-ín ló kọ́kọ́ máa ń pàdánù, ẹni tó ra ìwé gbèsè báǹkì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló tó kan ẹni tí owó rẹ̀ ju ti ìbánigbófò lọ. Àbá àkọ́kọ́ ti Kípírù da ìlà yìí rú. Ó fọwọ́ kan ẹni kékeré tó yẹ kó wà lábẹ́ ààbò, tó fi mọ́ ẹni tí báǹkì tirẹ̀ ò ṣàìsàn rárá.

Ó ku "ìdóòlà". Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ owó, tí wọn ò bá fi àmì sí i, bí ẹní ń sọ̀rọ̀ dọ́là ló máa ń jọ lójú. "Béèlì", tí a lè yá látinú "bailout" àti "bail-in" Gẹ̀ẹ́sì, ńkọ́? Ọgbà ọlọ́pàá ni ọkàn ará Ìbàdàn yóò lọ. "Gígé owó" náà ò ṣe é lò: sọ ọ́ fún oníṣòwò ní Gbági, owó àláàtì àti náírà 50 orí tíránsífà ló máa rò.

Ohun tí mo mú wá ni "ìkóyọ": kó báǹkì yọ. Tí owó bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba tàbí ilẹ̀ òkèèrè wá, ìkóyọ àtòde (bailout). Tó bá jẹ́ àwọn tí báǹkì jẹ ní gbèsè ló forí fá a, ìkóyọ àtinú (bail-in). Èyí tí wọ́n kọ̀ ní 19 oṣù Kẹta kò sí nínú méjèèjì, torí ó kọjá báǹkì tó ṣàìsàn. "Ìbùjẹ ojú owó" ni mo dábàá fún un. Ẹ fi tiwa dán wọn wò. Ní 2009, CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, da bílíọ̀nù 620 náírà sínú báǹkì mẹ́jọ: ìkóyọ àtòde. Ní oṣù Kẹfà 2024, CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank, NDIC, àjọ tó ń bá afowópamọ́ gbófò, san owó ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ (500,000 ni òdiwọ̀n náà títí di ọdún yẹn). Kò sí ìkóyọ kankan níbẹ̀: báǹkì kú, abánigbófò sanwó. Ọ̀rọ̀ tí kò bá lè ya ìwọ̀nyí sọ́tọ̀, kó má wọ ìwé wa.

Ẹ bá mi yanjú ibì kan. Nínú àkọlé mo kọ "oníbàárà", ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ báǹkì lówó náà oníbàárà ni, ìkóyọ àtinú ò sì kàn án. "Afowópamọ́" péye jù, bó tilẹ̀ gbé "ìpamọ́" tí mo bá jà lókè yìí dání. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè òfin, tí a bá lo "ayánilówó" dípò rẹ̀, ṣé kò ní bo ìtumọ̀ "afowópamọ́" mọ́lẹ̀?