Ẹni tí ò fọwọ́ sí i, ṣé “kòtẹ́milọ́rùn” ni yóò pè?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé kóòtù ní ká fún òun lọ́rọ̀ fún ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní consent judgment, ìyẹn nígbà tí ẹbí tó ń jà sí ilé bàbá wọn bá jókòó, tí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, tí adájọ́ wá sọ àdéhùn ọ̀hún di ìdájọ́. Ẹnì kan ti dá a lóhùn pé “ìdájọ́ ìfohùnṣọ̀kan” ni, pé tẹ́nì kan bá sì fẹ́ ta kò ó, kó pe “ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn”, ó parí. Kò tíì parí o.

“Ìfohùnṣọ̀kan” ti ní iṣẹ́ míì tó ń ṣe ní kóòtù. Tí adájọ́ márùn-ún bá jókòó tí gbogbo wọn sọ ohun kan náà, ṣebí ohun tí rédíò máa ń sọ nìyẹn, pé wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Ẹ ò wá rí i pé ìdàrúdàpọ̀ ti dé.

Kòtẹ́milọ́rùn yẹn gan-an ló ń bí mi nínú ṣá. Adájọ́ gbọ́ tẹnu mi, ó gbọ́ tẹnu ẹ, ó dá a, kò tẹ́ mi lọ́rùn, ó yé wa. Ṣùgbọ́n níbí adájọ́ ò dá nǹkan kan látọkàn ara ẹ̀, àwọn tó ń jà ló bá ara wọn dá a, ìwọ tó o fọwọ́ sí i lánàá, kí ni ò tẹ́ ẹ lọ́rùn lónìí? Ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà (constitution) ti 1999 náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, abala 241 ní ẹni tó bá fẹ́ pe kòtẹ́milọ́rùn lórí irú ìdájọ́ yìí, àfi kó kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ kóòtù. Ọ̀nà kejì ni kéèyàn gbé ẹjọ́ tuntun dìde pé jìbìtì wà nínú ẹ̀, tàbí pé irọ́ ni wọ́n fi gba ọwọ́ òun, kí kóòtù wọ́gi lé e.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí: bàbá kú, ó fi ìdí mẹ́rin sílẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó mẹ́rin, ìdí kan fún ìyàwó kan. Olórí ẹbí àti àwọn ìdí méjì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ta ilé. Ìdí kẹta wà ní London, wọn ò tiẹ̀ gbọ́. Ìdí kẹrin, obìnrin àgbàlagbà kan ni àkọ́bí wọn, kò mọ̀wé, wọ́n ní kó tẹ̀ka. Ẹ gbé ìwé náà wò, ẹ ó rí àtàǹpàkò màmá, íǹkì búlúù tó ti ràn, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ẹni tó kà á fún un lédè Yorùbá kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀ sí, òfìfo ni. Ṣé màmá yìí máa wá sọ pé “kò tẹ́ mi lọ́rùn” ni? Ohun tó máa sọ ni pé wọn ò sọ ọ́ yé òun. Àwọn ará London ní tiwọn máa ní àwọn ò sí níbẹ̀.

Nítorí náà “ìdájọ́ àjọfọwọ́sí” ni mo mú wá, torí ó ń jẹ́ kéèyàn béèrè lójú ẹsẹ̀ pé àwọn wo ló fọwọ́ sí i. Èyí tí wọ́n fi ń tú u ká, “ẹjọ́ ìwọ́gilé”. Ẹni tó bá ní ó ti ṣe Yorùbá jù fún kóòtù, ẹ rántí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó dé ọ̀dọ̀ Privy Council, kóòtù tó ga jù fún ẹjọ́ Nàìjíríà nígbà náà, ní London ní 1962, “ìdí-igi” (kí wọ́n pín ogún ní iye ìyàwó) àti “orí-ò-jorí” (kí wọ́n pín in ní iye ọmọ) ni àwọn adájọ́ yẹn kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìdájọ́ wọn.

“Ìparí ìjà” tí àǹtí wa dábàá fún consent judgment yìí ò lè ṣe é, àgbà ẹbí lè parí ìjà ní pálọ̀ láìdé kóòtù, èyí tí à ń sọ yìí báílífù lè fi lé èèyàn jáde. Ó ku ìwé àdéhùn gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní “tẹ́ẹ̀mù” ní kóòtù, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju “ìwé àdéhùn” lọ kó jọ̀ọ́ gbé e wá.