Oníbàárà mi ń kọjá níwájú mi lọ sí àgọ́ kejì, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ ni.

Ẹja ni mò ń sun létíkun, lápá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí níbí. Mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé igi àgbọn àti ọkọ̀ àwọn apẹja nìkan lèèyàn ń rí níbẹ̀ ni mo ti pa àgọ́ mi, kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ títì etíkun tí wọ́n ń là lọ sí Kàlàbá yìí. Mo mọ apẹja tó ń gbé croaker tútù wá láàárọ̀, mo mọ èyí tó jẹ́ pé kúta ló máa ń bá bọ̀. Ata mi, fúnra mi ni mo ń lọ̀ ọ́.

Obìnrin kan wá pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àgọ́ funfun, àga funfun, iná wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́jú káàkiri. Orin rẹ̀ kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí oníbàárà ń bá mi sọ. Ẹja inú fìríìsà ló sì ń sun o! Ojú mi ni ọkọ̀ ṣe ń já páálí fún un. Síbẹ̀, tó bá di ọjọ́ Àìkú, àyè kì í sí lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi á jókòó ti èédú títí tó fi máa di eérú. Èyí tó dùn mí jù ni àwọn tí mo ti ń sun ẹja fún láti ọjọ́ yìí. Wọ́n á kọjá níwájú mi, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọmọ géètì ńkọ́? Wọ́n á gbowó ìwọlé lọ́wọ́ àlejò, wọ́n á gba ti mọ́tò, wọ́n á tún wá gba ti kánópì lọ́wọ́ mi. Jẹnẹrétọ̀ mi bàjẹ́, ẹni tó ní òun máa tún un ṣe tún bà á jẹ́ sí i. Mo sanwó fún ọmọkùnrin kan tó ní òun lérò lẹ́yìn lórí Instagram. Ó dé tòun tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n jẹ ẹja, ó ya fídíò ara rẹ̀ nínú omi. Ẹja mi ò hàn níbẹ̀ rárá.

Ọdún Àjíǹde ti sún mọ́lé. Bí n ò bá rí ṣe lásìkò yẹn, òjò ló kàn, ta ló sì máa wá sétíkun nínú òjò? Ṣé kí n ra iná bíi tirẹ̀ ni àbí kí n gbé sípíkà wá? Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Rídíwàn:
Ẹ kú ìrọ́jú, Mọ́mì. Èló lẹ̀ ń ta ẹja yín? Ẹ ò sọ ọ́ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Owó lítà epo mọ́tò kan tó jẹ́ nǹkan bíi 190 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 kọjá 500 nínú ọdún yẹn kan náà, kò sì padà sílẹ̀ mọ́ títí dòní. Ẹni tó ń ti Ìkẹjà bọ̀ wá síbi yín ti náwó tán kó tó fẹsẹ̀ kan iyanrìn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ iye tó máa ná kó tó kúrò nílé. Àti pé, ṣé ọ̀nà tuntun yẹn ò kan àgọ́ yín?

Àdùnní Alásè:
Ẹ gbà á lọ́wọ́ Bàbá Rídíwàn. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi lọ sí bíìṣì kan lọ́dún tó kọjá, a jókòó, a jẹun tán, wọ́n wá ní àga tí a jókòó sí lówó tirẹ̀, tábìlì lówó tirẹ̀, omi tí a fi fọwọ́ náà lówó. Ariwo tá a pa lọ́jọ́ náà pọ̀. Láti ìgbà yẹn, ibi tí wọn ò bá ti kọ iye síta, mi ò ní dúró. Ẹ kọ iye yín sára pátákó.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Ẹ ṣé o. Ẹja kì í ṣe bisikíìtì tí wọ́n tẹ iye sára ọ̀rá rẹ̀. Bó bá ṣe tóbi sí ni. Ọjọ́ tí òkun bá ru, apẹja ò ní lọ, ọ̀wọ́n á dé. Mi ò lè kọ iye tí màá tún máa pa rẹ́. Oníbàárà mi gidi kì í bèèrè iye, wọ́n á jókòó ni.

Àdùnní Alásè:
Mọ́mì, àwọn tí kì í bèèrè iye yẹn náà ni ẹ ní wọ́n ń kọjá lọ yìí.

Màmá Kuramo:
Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an ni mo ṣe ní kí n dá sí i. Èmi náà ta pẹpẹsúùpù ní etíkun Kuramo, ní Victoria Island. Ẹ̀yin ọmọdé lè má mọ ibẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ 2012, òkun ru wọ orí wa, ó gbé àgọ́, ó gbé èèyàn lọ. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wó èyí tó kù. Bar Beach tó wà nítòsí wa ńkọ́? Ìlú tuntun Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ lónìí. Ohun tó jẹ́ kí n rí oúnjẹ fáwọn ọmọ mi lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ nọ́ńbà oníbàárà sí, ti awakọ̀, ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island. Nígbà tí mo gbé ìkòkò mi lọ sí Obáléńdé, mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Iyanrìn kì í ṣe tiwa, ẹ̀yin ará. Lónìí ó wà, lọ́la wọ́n lè lé wa. Oníbàárà lẹ máa dì mú. Ìyá Ẹlẹ́ja, ṣé ẹ ní nọ́ńbà wọn?

Alàgbà Ṣèyí:
Ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀, Mọ́mì. Ẹ kàn ń wo àgọ́ ẹlòmíì ni, ẹ ò wo tiyín. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì tún àyíká yín ṣe.

Ọmọ Àgbádárìgì:
Alàgbà sọ ọ̀rọ̀ àyíká, ó rán mi létí. Mọ́mì, ṣé koríko òkun pupa yẹn ń dé ọ̀dọ̀ yín? Láti 2011 ló ti ń ya wá sí etíkun wa, láti Ghana títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Tó bá wà nílẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì, ó máa jẹrà, á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Àlejò ò ní sọ fún yín pé òórùn ló lé òun, á kàn ṣí lọ síbi tí wọ́n ti gbálẹ̀. Níbi tiwa, a máa ń fi rééki kó o ní ìdájí, kó tó gbẹ, a ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ sílẹ̀. Katakata ò dáa, iyanrìn ló máa ń kó lọ, etíkun á sì máa fà sẹ́yìn.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Iwájú mi mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń gbá a. Alàgbà, mi ò ṣe ìlara ẹnikẹ́ni. Ẹ ò rí ohun tí mo rí.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́:
Ẹ jẹ́ ká sọ bí owó ṣe ń wọlé. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ Àìkú nìkan lẹ̀ ń wò? Ilé ìfọpo Dangote wà nítòsí yín, èbúté Lẹ́kkí tí wọ́n ṣí ní 2023 náà wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ń jẹun ọ̀sán lójoojúmọ́. Ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ra àrọ̀ àti epìyà, mò ń sun ún, mò ń dì í pẹ̀lú dùndú, ọlọ́kadà ń gbé e lọ. Òjò kì í dá mi dúró. Mi ò ní àgọ́ rárá.

Tèmítọ́pẹ́ Onífóònù:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Mo bi Mọ́mì ní ìnbọ́ọ̀sì kí wọ́n sọ orúkọ àgọ́ wọn, mo wá a lórí Google Maps. Ó wà níbẹ̀, fọ́tò rẹ̀ dára gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn ló yin ẹja yẹn. Mo wá pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, ó ní kí n máa bọ̀. Ó ní tí mo bá dé, kí n má yà síbi àgọ́ ewé, àgọ́ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí n wọ̀. Mọ́mì, ta ni yẹn?

Àdùnní Alásè:
Háà!

Bàbá Rídíwàn:
Ẹ dákun, ẹ dá wa lóhùn lórí èyí o, Mọ́mì.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Òun ló ṣí péèjì Instagram yẹn, òun ló gbé wa sórí Google, láìnì rẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń pè fún ẹja. Ó lọ nígbà òjò tó kọjá, ó di ọ̀dọ̀ obìnrin àgọ́ funfun. Mi ò mẹ́nu bà á nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ọ̀rọ̀ ọjà ni mo bá wá síbí.

Màmá Kuramo:
Ọ̀rọ̀ ọjà gan-an nìyí. Àwọn oníbàárà yín ò sá fún yín, wọ́n ń pe nọ́ńbà tí wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Kí ló dé tó fi lọ?

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Ó ní mi ò san owó oṣù òun. Ní tòótọ́, mo dá owó náà dúró láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, torí ọjà ò yá. Ṣùgbọ́n ilé mi ló ń sùn, oúnjẹ mi ló ń jẹ, èmi ni mo ra fóònù tó fi ń ya fọ́tò. Ọmọ ẹni kì í bá ẹni ṣírò owó. Èmi náà bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi tajà nígbà tí mo wà ní kékeré, ta ló fún mi ní kọ́bọ̀?

Àdùnní Alásè:
Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ yẹn ló ń polówó yín, òun ló ń dáhùn ìpè, òun ló ń ya fọ́tò. Iṣẹ́ lèyí! Ẹ bá a dá owó oṣù, ẹ ò san án, ẹ sì ní aládùúgbò ló jí oníbàárà yín.

Alàgbà Ṣèyí:
Àdùnní, rọra. Ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe náà ò dáa. Kéèyàn máa fi orúkọ àgọ́ àǹtí rẹ̀ darí èèyàn sí àgọ́ ẹlòmíì, ẹ̀tàn ni. Owó ni wọ́n jẹ ẹ́, kì í ṣe orúkọ.

Àdùnní Alásè:
Mi ò ní ó dáa. Mo ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀yin méjèèjì, Àjíǹde ò ní dúró de àríyànjiyàn o.

Tèmítọ́pẹ́ Onífóònù:
Mọ́mì, láìnì yẹn, ẹ gbàgbé rẹ̀. NIN rẹ̀ ló wà lórí síìmù náà, kò sí ilé iṣẹ́ fóònù tó máa gbé e fún yín tí òun fúnra rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí i. Google ni ẹ lè bá jà: ẹ lè sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ni àgọ́ yẹn, wọ́n á fi tó ẹni tó ṣí i létí. Tí kò bá fèsì tàbí tó kọ̀, ẹ ṣì lè fi ẹ̀rí hàn pé tiyín ni, fídíò àgọ́ àti pátákó orúkọ yín. Ó yára jù tí òun fúnra rẹ̀ bá fi yín sí i. Ẹ gba síìmù tuntun lórúkọ ara yín, ẹ fi ṣe WhatsApp Business, ká kó fọ́tò ẹja síbẹ̀ pẹ̀lú iye: kékeré, alábọ́dé, ńlá. Tí iye bá yí padà láàárọ̀, ìṣẹ́jú kan ni ẹ máa fi tún un ṣe. Kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà yẹn gàdàgbà síwájú àgọ́. Ẹ má ra iná kankan báyìí.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Kékeré, alábọ́dé, ńlá, ìyẹn yé mi, mo lè ṣe ìyẹn. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi wá ọlọ́kadà tó ṣeé fọkàn tán tó mọ ọ̀nà èbúté. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé owó lọ bẹ ọmọ tí mo tọ́. Ìyá rẹ̀ gan-an ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà náà. Ó dàbí pé èmi ni mo ṣe ibi.

Bàbá Rídíwàn:
Mọ́mì, èló ni gbogbo owó oṣù tó kù?

Màmá Kuramo:
Ẹ dá a lóhùn o. Tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa san án níwájú ìyá rẹ̀, mo máa gba péèjì àti Google yẹn lọ́jọ́ kan náà, tí ẹbí ń wò wá. Ẹ ò ní kó padà wá bá yín ṣiṣẹ́. Ohun tó jẹ́ tiyín nìkan lẹ fẹ́ gbà.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n mi tán. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ ná, ká tó jọ sọ̀rọ̀. Màá rò ó. Tèmítọ́pẹ́, ibo ni mo ti lè gba síìmù tuntun yẹn lápá Awóyayà, ṣé NIN nìkan ni kí n mú dání?